Ẹ̀rọ Tó Gbé Kalẹ̀ Ló Lé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Kúrò Níṣẹ́

Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí ní kí n má ṣe bá òun fi epo pa á. Ó ní bó ṣe rí gan-an ni kí n ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn èèyàn ti ṣàánú òun níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti ṣàánú òun. Mo ní ó dáa. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń kà á tí inú ń bí yín sí i, ẹ má wulẹ̀ pa á mọ́ra. Inú bí èmi náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Injinía ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ilé ìpamọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wọn kú, ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n ló sì gbé títí tó fi jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n ti lò níbi iṣẹ́ yìí. Yàrá òtútù mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, àwọn yàrá ńlá tó tutù bí inú fíríìjì, níbi tí wọ́n ń kó páálí abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé sí. Láàárọ̀, á wọ súwẹ́tà, á wọnú yàrá kọ̀ọ̀kan, á ka tẹmọ́mítà tó wà lára ògiri, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún ṣe é. Ìyá Òtútù ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní bí oòrùn fẹ́ yọ́ òpópónà, Ìyá Òtútù ò ní bọ́ súwẹ́tà.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, dírẹ́kítọ̀ wọn, obìnrin kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ní àsìkò tẹmọ́mítà ti kọjá. Ó ní òun fẹ́ ojú kan lórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ìlà àti àwọ̀ hàn bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe tutù tó: àwọ̀ ewé bí ó bá dáa, pupa bí ó bá gbóná. Dáṣíbọ́ọ̀dù ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú rẹ̀. Ó pe Injinía, ó ní àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wò ó ní ọjọ́ Ẹtì. Ó tún fi kún un pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní olú ilé iṣẹ́ náà, pé orúkọ rẹ̀ ò jìnnà sí òun lẹ́nu.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi oyin sí ẹnu ọ̀nà.

Injinía jókòó ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Línúsì ni sáfà náà ń lò. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ níbẹ̀, àṣẹ ni wọ́n ń kọ sójú dúdú, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó gba dáṣíbọ́ọ̀dù náà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi í sórí sáfà, ó pàṣẹ fún un pé bí iná bá lọ tó bá padà dé, kó máa jí fúnra rẹ̀. Ó ṣí ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò máa gbà wò ó. Ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a wá, torí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lẹ́yìn náà ló so ó mọ́ ibi tí àwọn sẹ́ńsọ̀, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń wọn ooru inú yàrá, ń kó ohun tí wọ́n bá rí sí.

Yàrá kìíní yọ, ìlà rẹ̀ dúró dáadáa ní dígírì mẹ́rin. Yàrá kejì yọ. Ti yàrá kẹta ṣófo. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, òfìfo náà ni. Nígbà tó lọ wo sẹ́ńsọ̀ inú yàrá yẹn, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Àwọn tó ń tà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òmíràn yóò gbà kó tó dé.

Ọjọ́rú nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni àlejò ń bọ̀.

Ó lè lọ bá dírẹ́kítọ̀ kó sọ fún un pé, "Ẹ̀rọ kan ti bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù." Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ. Ó ní òun dìde lóòótọ́, òun dé ẹnu ọ̀nà, òun wá rántí pé ẹlòmíràn náà ń wá ipò ọ̀gá yẹn. Ó padà jókòó.

Ohun tó ṣe kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó mú àwòrán yàrá kejì, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì kọ "Yàrá Kẹta" sí orí ẹ̀dà náà. Nínú àṣẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, yàrá kejì ló ṣì ń bi léèrè. Agogo ìkìlọ̀ tó yẹ kó máa dún bí yàrá kẹta bá gbóná, yàrá kejì lòun náà ń ṣọ́. Ó ní lọ́kàn òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Bí sẹ́ńsọ̀ tuntun bá ti dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun máa pààrọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tutù minijọ, wọ́n ń mi orí. Dírẹ́kítọ̀ yọ̀ débi pé ó pàṣẹ níwájú gbogbo wọn pé láti ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wọ yàrá òtútù torí àtika tẹmọ́mítà mọ́. Ó ní ṣíṣí ilẹ̀kùn ṣáá ń jẹ́ kí ooru wọlé, pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n wá bá a nínú yàrá sáfà. Ó gbé ìwé rẹ̀ mọ́yà. Kò bínú, ó kàn ń ṣiyè méjì ni. Ó ní òun ò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà, ìyẹn lòun ṣe wá bi ọmọ òun.

"Ìwọ lo ṣe é," ó ní. "Ṣé kí n fi ìwé mi sílẹ̀ lóòótọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti ní kí ó dúró kí n mu omi. Ilẹ̀kùn ti ṣí fún un gbayawu. Àwọn méjèèjì péré ló wà níbẹ̀. Bó bá sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì máa bá mi wo yàrá kẹta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," á fà á létí díẹ̀, á sì máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n ni. Kò ní sọ fẹ́nikẹ́ni.

Ó ní ojú ló ti òun. Ẹ̀gbọ́n ti ń fi òun yangàn káàkiri ibi iṣẹ́ láti àárọ̀, ó ń sọ fún àwọn aṣọ́nà pé àbúrò òun ló ṣe é. Òun ò fẹ́ kí ó rí òun bí ẹni tó ṣe ayédèrú.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ló fi dáhùn. "Ẹ̀rọ kì í sùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó sì lọ ti ìwé rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun dé nígbà tó yẹ kó dé. Injinía gbà á, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Bí yóò bá lọ fi í sínú yàrá kẹta, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀gbọ́n á sì bi í pé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù méjì. Láàárín ìyẹn, lẹ́tà ti dé láti olú ilé iṣẹ́ pé òun ni wọ́n mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kó lọ síbẹ̀.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Yàrá kẹta ni wọ́n ń kó ọjà àfipamọ́ sí, wọn kì í ṣí i títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín in. Tẹ́lẹ̀, torí tẹmọ́mítà nìkan ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Mọ́tọ̀ tó ń fẹ́ òtútù síbẹ̀ kú, ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tó kú. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, dígírì mẹ́rin ni, tútù minijọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gbọ́n lọ ṣí yàrá kẹta kó lè kó ọjà jáde fún ìpínkiri. Ó wọ súwẹ́tà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì rìn dé àárín yàrá tí òógùn fi bò ó. Ó mú ìgò kan, ó wo àmì kékeré tó wà lára rẹ̀, èyí tó máa ń ṣókùnkùn bí ooru bá ti ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ó ti dúdú. Ó mú òmíràn, òun náà ti dúdú. Ó ṣí páálí mẹ́rìnlá, kò sí èyí tó dáa nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó máa lọ. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin yìí fi ara mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni wọn ì bá fi omi lásán gún lábẹ́rẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Ó ní yàrá kẹta ti gbóná, pé òun ń lọ fi tó dírẹ́kítọ̀ létí, pé kó wá bá òun wo ẹ̀rọ rẹ̀. Kò bínú sí i. Ó rò pé ẹ̀rọ kàn ṣìṣe ni.

Injinía sáré wọnú yàrá kẹta tí ẹ̀gbọ́n ti ṣí sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tuntun wà lápò rẹ̀. Ó yọ òkú tó wà lára ògiri, ó fi tuntun sí i. Ó sáré padà sídìí sáfà, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kó ti pààrọ̀ láti oṣù méjì, ojú yàrá kẹta sì pọ́n wá gbòò: dígírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlà náà ṣófo. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń ka yàrá náà títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó wá ṣe èyí tó burú jù. Ó da àkọsílẹ̀ yàrá kejì kọ, oṣù méjì gbáko, ó sì tò ó sábẹ́ orúkọ yàrá kẹta. Ìlà náà kò já mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lójú gbogbo ayé, yàrá kẹta tutù dáadáa títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná.

Ó ní ara òun nìkan lòun ń gbà là, òun ò ro ibi tó máa já sí. Mo ní kó má purọ́ fún mi.

Ibi tó já sí nìyí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti wádìí ọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ abẹ́rẹ́ sọ fún wọn pé ooru wákàtí méjì kò lè sọ àmì ara ìgò di dúdú bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti pẹ́ nínú ooru. Ẹ̀rọ sì ní yàrá ò gbóná rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ohun tó kù kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó gba ọjà wọlé ló gbàgbé rẹ̀ síta fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tó wá yọ́ kẹ́lẹ́ kó o wọlé. Ẹni náà sì ni Ìyá Òtútù.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n wá síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n pe Injinía gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Tábìlì gígùn kan ni, fáànù ń yí lókè, ìwé tí wọ́n tẹ ìlà àwọn yàrá sí wà níwájú oníkálukú. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ọjọ́ tí ọjà dé náà lòun ti kó o wọlé. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Alága kọjú sí Injinía.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń ṣìṣe?"

"Ohun tó bá rí ló ń sọ, sà," ni Injinía dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun náà ní ìwé yẹn kí òun wò ó. Kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn yàrá rẹ̀. Ó rí Ọjọ́bọ̀ kan nínú ìlà yàrá kejì tó gun òkè láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ó rántí ọjọ́ náà. Òun àti àwọn agbálẹ̀ ló ń fọ yàrá kejì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá wo ìlà yàrá kẹta. Òkè kan náà, aago kan náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹta wà lápò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò ṣí i.

Ó fi ìka kan sórí òkè ti yàrá kejì. Ó fi ìka kejì sórí ti yàrá kẹta. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo bi Injinía pé báwo ni ojú ẹ̀gbọ́n ṣe pẹ́ tó lára rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé orí àwọn ìṣó tó wà lára tábìlì lòun ń kà. Ó ka mọ́kànlá.

"Mama, ṣé ẹ rí nǹkan níbẹ̀ ni?" Alága ló bi í.

Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà sí méjì, ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Rárá, sà," ó ní. "Èmi ni mo gbàgbé ọjà náà síta. Àgbà ti ń dé. Ẹ má bínú."

Mo bi Injinía pé ẹnu rẹ̀ ńkọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní ẹnu òun wà níbẹ̀.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìka mìíràn ni wọ́n gé. Wọ́n lé obìnrin náà lọ láìfún un ní ìwé ẹ̀yẹ kankan, wọ́n sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde fún ìwà àìbìkítà. Àìbìkítà. Obìnrin tó fi ọdún méjìlélógún wọ súwẹ́tà lójú oòrùn.

Injinía lọ bá a níbi tó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò jẹ́ kó débì kan.

"Ìyá wa ní kí n tọ́jú rẹ," ó ní. "Mo ti tọ́jú rẹ tán."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Injinía ti di ọ̀gá ní olú ilé iṣẹ́, àga tó ń yí ló ń jókòó lé. Bó bá pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, kì í gbé e. Bó bá fi nǹkan ránṣẹ́, ẹni tó rán a kó o padà wá. Ó ní òun a máa jẹun, ṣùgbọ́n òun kì í mọ ohun tí òun jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní àlejò wà fún un nísàlẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ni. Káfíńtà ni ọkùnrin yẹn, òun ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé Injinía lọ sílé ìwé ní kékeré. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa jù, ó ti jókòó ti àwọn tó ń gba àlejò fún wákàtí méjì, torí kò fẹ́ dí ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan fún un. Ohun tí ó mọ̀ náà ni gbogbo ayé mọ̀, pé ìyàwó òun ṣe àṣìṣe.

"Àbúrò, ìwọ ni ọ̀gá báyìí," ọkùnrin náà ní. "Bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára pátákó yẹn. Mi ò tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbà á padà. Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Á jí láàárọ̀, á múra iṣẹ́, á wá jókòó."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di apá àga mú, torí orókún ń dùn ún.

Injinía ní nígbà tí òun rí orókún yẹn tó ń wá ilẹ̀, nǹkan já nínú òun. Ó gbé ọkùnrin náà dìde, ó ní kó máa lọ sílé. Kò jókòó mọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú ewé méjì, láti orí sẹ́ńsọ̀ tó kú títí dé àkọsílẹ̀ tó dà kọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá dírẹ́kítọ̀ ní ilé ìpamọ́ abẹ́rẹ́. Obìnrin yẹn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kúrò lára pátákó, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní kó padà sí ipò rẹ̀, pé àwọn kò mọ̀. Injinía bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú lẹ́tà náà lọ. Ó ní ó kéré tán, kí ó gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe ọjọ́ tó ṣe ẹ̀dà ìlà yẹn ló ń dun òun jù. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbé ìwé wá bi òun léèrè ni. Ó ní ẹni bá ń kà á tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lónìí, kí ó dáhùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n ṣí i. Ó ti rù díẹ̀. Kò bínú, kò sunkún, ó kàn dúró. Injinía fi orókún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ó na lẹ́tà sí i.

Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó kà á lórí ìdúró, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà sínú àpò lẹ́tà.

"Ẹ dìde," ó ní, "ṣòkòtò yín á dọ̀tí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Injinía ṣì wà lórí orókún nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀gbọ́n láti inú yàrá, tó ń bi í pé ta ló wá.

"Ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ ni," ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.